Ilé Dígí tí a Kọ́ fún Àwọn Ọmọ Odò Ìlàwẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà kí ó rọra máa pa á. Ẹni tí oorun ń kùn kí ó bọ́ sẹ́yìn, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí etí rẹ̀ là. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ ìlú Ìsàdó, ni mo jókòó sábẹ́ igi ọdán yìí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì tutù lára mi. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ ti gbọ́ bí ẹkùn ṣe yà fún mi lójú ọ̀nà, tó tún kí mi pé mo kú ọ̀nà. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ṣé o wà níbẹ̀ ni? Ti òní yìí kì í ṣe ìtàn ẹran pípa. Mo fẹ́ sọ bí èmi tí ẹran ń sá fún ṣe di ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé àkèré bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun fún un.

Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo fẹ́, Ìbíyẹmí, ọmọ amọ̀kòkò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Orí ẹní ló máa ń wà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí rẹ̀ ń rìn ju ẹsẹ̀ gbogbo wa lọ. Ọmọ mẹ́rin la bí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sin sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Ọdẹ kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, ojú kì í tì mí mọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọ̀dá dá. Odò Ìlàwẹ̀, tí gbogbo Ìsàdó ń mu, bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn títí ó fi ku ọ̀gọ̀dọ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ àpáta. Ọba pe ìlú jọ, ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí Ìlàwẹ̀ kò bá padà sójú ọ̀nà rẹ̀, gbogbo wa yóò kó lọ sí Òkè-Ayẹ̀. Ìrìn ọjọ́ mẹ́fà ni, òkè lórí òkè. Mo délé, mo sọ fún Ìbíyẹmí pé èmi ni n óò pọ̀n ọ́n dé ọ̀hún.

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè. "Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò ní di ẹrù sẹ́yìn ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọmọ mi mẹ́rin ló wà nínú ilẹ̀ yìí. Ẹ fi àmù omi kan àti iṣu díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kí ẹ bá ìlú lọ."

"Bí o kò bá lọ, èmi náà kò lọ."

"A jẹ́ pé ẹni méjì ni òùngbẹ máa pa," ló wí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Mo ti wọ ihò òkété tí mo bá ṣèbé níbẹ̀, ẹ̀rù kò bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo jáde nílé, mo gba etí odò lọ, kí obìnrin náà má baà rí ojú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti bá ìyá arúgbó kan tó jókòó létí ọ̀gọ̀dọ̀ tó kù yẹn. Ewé odò ni irun orí rẹ̀. Ó ń ká omi bí ẹni ká aṣọ, ó ń tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, omi náà kò sì jò. Mo mọ ẹni tó jẹ́ kí ó tó la ẹnu. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kí Ìyá Ìlàwẹ̀.

"Dìde, ọdẹ," ló wí. "Àbúrò mi kan ló ránṣẹ́ pè mí ní ìlà oòrùn. Abẹ́ àpáta ni ọ̀nà mi gbà, àwọn ọmọ mi kò sì lè gbà á."

"Ìyá, ṣé ẹ máa padà?"

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ ni n óò padà. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ohùn àwọn ọmọ mi ni mo fi ń mọ ọ̀nà ilé. Bí mo bá gbọ́ ohùn ọmọ mi kan ṣoṣo lójú odò yìí, n óò yà síbẹ̀. Bí mi ò bá gbọ́, ọ̀nà ibòmíràn ni n óò bá lọ." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ bá mi tọ́jú wọn. Kọ́ ilé kan fún wọn, èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́, èyí tó ń fò, àti èyí tó ń fi àyà wọ́, kí wọ́n jọ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ wà lọ́dọ̀ mi. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀. Ohun tí kò bá mu nínú omi mi rí kò gbọdọ̀ bá wọn gbé." Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ló gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù, ó sì wọ inú àpáta lọ. Ọ̀gọ̀dọ̀ tó fi sílẹ̀ kò ju ohun tó lè kún àmù mẹ́jọ.

Mo jíṣẹ́ Ìyá Ìlàwẹ̀ fún ọba. Nígbà tí mo sọ fún Ìbíyẹmí, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ fi dáhùn. "Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́bẹ̀! Ìyá Ìlàwẹ̀ mà kúkú gbé ẹran lé ajá lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà ló ní kí n bu eérú wá. Ó tẹ́ eérú náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ìka ya ilé sí i. Ó ronú títí oúnjẹ fi tutù. Ó ní ìkòkò kò lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ amọ̀kòkò ni òun. Òkùnkùn ìkòkò á pa ewé inú rẹ̀, ewé tó bá kú á ba omi jẹ́, omi tó bá bàjẹ́ á sì pa ẹja. Ilé tí oòrùn lè wọ̀ tí omi kò lè jáde níbẹ̀ ni a ń wá.

"Mo gbọ́ pé ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀làwọ́," ló wí. "Iyanrìn ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, ó sì ń di dígí. Ẹ lọ tọrọ àpótí dígí kan lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ má ja ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà." Èmi tí mo jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́!

Igbó tó wà láàrin wa àti Ọ̀làwọ́ ni Igbó Àgbájọ. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Mo jẹ iṣu sísun kan tán, mo ti débẹ̀. Àràbà kan ṣoṣo ló wà láàrin igbó náà, irinwó ìwin ló sì ń gbé inú rẹ̀ láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó. Bí mo ti fẹ́ kọjá ni ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ó kúrú, ojú mẹ́rin ló ní, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó akẹtẹ̀ àgbẹ̀. Mo bi í ní orúkọ, ó ní Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pe òun. Mo ní mo ti fura.

"Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbí á já àlọ́ mi," ló wí. "Àlejò méjì wọ yàrá kan ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìjà, kò sí ariwo, ilẹ̀kùn wà ní títì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnìkan ṣoṣo ló jáde. Níbo lẹnì kejì wà?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Inú ikùn ẹni tó jáde ló wà."

"O ti já ìdajì. Kí ni onílé ì bá ti ṣe kí àwọn méjèèjì lè jáde láàyè?"

Mo yọ àyà, mo ní onílé ì bá ti fi àtòrì kìlọ̀ fún ọ̀jẹun náà. Hẹ̀n-ẹ́n! Gbogbo igi náà rẹ́rìn-ín mi, ewé sì ń já lé mi lórí. Ẹlẹ́nu ní ẹnu kì í gbọ́ ti àtòrì, kí n lọ jókòó sórí gbòǹgbò títí ọgbọ́n yóò fi bá mi níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀. Ìtìjú mú mi ní ọjọ́ kìíní, ebi pa mí ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹta ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí mo wá ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé. Àwọn ìwin tí ẹnu wọn tóbi wà lọ́dọ̀ ara wọn ní ìsàlẹ̀. Àwọn wẹ́wẹ́ wà lókè pátápátá, ní orí ẹ̀ka tí kò lè gba ẹni tó sanra. Àwọn ará ọ̀sán ń yá oòrùn ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, wọ́n á wọlé, àwọn ará alẹ́ á jáde, wọn kì í sì gba ẹnu ọ̀nà kan náà. Kò sẹ́ni tí ìbùsùn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà oúnjẹ ẹlòmíràn. Mo pe Ẹlẹ́nu, mo ní, "Ẹnu là ń wọ̀n kí a tó fún ni ní yàrá. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá lè gba orí ẹnì kejì, wọn kò gbọdọ̀ jọ sùn."

Ó ní mo ti já a, ó ku kí òun fi wọ̀n mí. Ó la ẹnu rẹ̀, ó sì fi dé mi lórí. Ó dé etí, ó há. Ó gbìyànjú lápá ọ̀tún, ó gbìyànjú lápá òsì, kò wọlé. "Orí rẹ tóbi ju ẹnu mi lọ," ló wí, itọ́ sì ń kán sí mi lójú. "A lè jẹ́ ọ̀rẹ́." Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bínú mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní olórí ńlá.

Ọ̀làwọ́ nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi: dígí ni ilé wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ìwọ wà lójú pópó, o ń rí ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ onílé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè purọ́ pé òun kò sè lónìí. Wọ́n lawọ́ dé ibi tó ń ba àlejò lẹ́rù. Mo yin fìlà ọkùnrin kan, ó ṣí i lé mi lórí. Mo bá wọn lo ọ̀sẹ̀ kan, mi ò sì tún yin nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí fún ọba wọn, ó sunkún. Ó ní kí wọ́n ṣe àpótí dígí kan fún mi, kí ó tó ibùsùn, kí ó ga tó àyà mi, kí wọ́n fi àwọ̀n dé e lórí kí atẹ́gùn lè wọlé.

Àpótí náà dára. Mo fẹ́ gbé e, ni olorì wọn, Olorì Mojẹ́bárí, bá mú ọwọ́ mi. "Ọdẹ, ṣé a máa ń fún ènìyàn ní igbá lófìfo ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí aládùúgbò bá gbé ọbẹ̀ fún ọ nínú abọ́, ṣé o lè dá abọ́ rẹ̀ padà láìfi nǹkan sí i? Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Olorì náà tẹ̀ síwájú, ó sì gbé àkèré kan sínú àpótí náà. Wúrà ni awọ rẹ̀ láti orí dé èékánná, ojú rẹ̀ pupa bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Mo rántí òfin Ìyá Ìlàwẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ààfin ló ń wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbé e lọ.

Mo délé. Bí mo ṣe gbé àpótí tó tó ibùsùn gba inú igbó kọjá, ọdẹ ni mí, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Ìbíyẹmí fi ọwọ́ pa dígí náà títí. Lẹ́yìn náà ló rí àkèré oníwúrà. "Níbo ni èyí ti mu omi?"

"Ẹ̀bùn olorì ni."

"Mi ò bi yín ní ẹni tó fún yín."

Mo ní n óò gbé e sí ibòmíràn, mo sì fi ìkòkò kékeré kan bò ó ní ẹ̀yìn ilé.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbíyẹmí ń fi ìka sọ̀rọ̀ nínú eérú rẹ̀, èmi ń sáré. Ó pín ilé náà sí mẹ́ta. Apá kìíní jẹ́ omi, pẹ̀lú iyanrìn Ìlàwẹ̀ nísàlẹ̀ àti ojúoró díẹ̀ lójú omi, kí ẹja lè rí ibòji. Apá kejì jẹ́ ẹrẹ̀ àti òkúta tó ń rọra gòkè láti inú omi, nítorí àkèré tó bá lúwẹ̀ẹ́ títí tí kò rí etí odò gùn, á rì bí ọmọ ènìyàn. Apá kẹta jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ẹ̀ka igi, níbi tí oòrùn àárọ̀ á ti kọ́kọ́ kàn, kí alángbá lè yá a. Omi àmù mẹ́ta la pọn sínú àpótí nínú ọ̀gọ̀dọ̀ náà, àmù márùn-ún tó kù la fi pamọ́. Ọ̀gọ̀dọ̀ gbẹ lẹ́yìn wa, omi díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ kànga ni ìlú sì ń mu.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn tó máa wọlé. Mo fẹ́ mú àrọ̀ ńlá kan wá, ẹja tó gùn tó apá mi, kí ìlú lè rí i kí wọ́n mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́.

"Báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe rí?" Ìbíyẹmí bi mí.

"Ó fẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ lọ fi pamọ́ sínú odò mìíràn."

Mo ní awọ́nríwọ́n ńkọ́? Ó ní kí ó máa bá àrọ̀ lọ. Níkẹyìn, ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án tí kò lè gbé ẹyin àkèré mì tán la mú, àti kọ̀ǹkọ̀ mẹ́fà, àkèré kékeré mẹ́jọ tó ń gbé orí ewé níbi tí ẹnu kọ̀ǹkọ̀ kò lè dé, alángbá méjì, ọmọ́ńlé méjì fún alẹ́, àti ìṣáwùrú tó ń jẹ èérí ara dígí. Ọwọ́ lásán ni mo fi mú gbogbo wọn. Kọ̀ǹkọ̀ kan tọ̀ sí mi lójú, mo ní ó ṣeun. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ẹ̀yin ènìyàn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la sì fi ń mú ohun tí a kò fẹ́ pa. Láràárọ̀ ni mò ń wá ìrẹ̀ àti ikán fún àwọn ará òkè, tanwíji tó ń jó nínú ìdọ̀tí omi ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mo sì ń bù fún ẹja. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi rèé, mò ń fi ọwọ́ ara mi bọ́ ẹran.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkèré oníwúrà ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀bùn ni. Ó jókòó lábẹ́ ìkòkò lóun nìkan, ó sì ń wò mí. Mo rò ó pé, kí ni ẹyọ kan ṣoṣo lè bàjẹ́? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ìbíyẹmí sùn lọ, mo gbé e sínú ilé dígí, sí ẹ̀yìn òkúta tí ojú obìnrin náà kò lè dé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ẹja méjì léfòó. Ní ọjọ́ kẹwàá, awọ àwọn àkèré ń bó, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ wọn kò sì fò mọ́. Mo ń dúró ti dígí, mo ń wí pé gbogbo alángbá ló da ikùn dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìbíyẹmí fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ sún mọ́ àpótí. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Ọkọ mi, kí ni ẹ fi kún un?"

Mo sọ fún un. Mo sọ pé mi ò lè sọ ẹ̀bùn nù. Mo sọ pé mi ò lè gbé igbá lófìfo. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bó ṣe rí létí, ojú sì tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi. Ó ní, "Ẹ kó wọn jáde. Gbogbo wọn."

Odidi ọjọ́ kan la fi ṣiṣẹ́. Mo da omi yẹn sínú kòtò, mo fọ iyanrìn, mo fi iná yan òkúta. Omi àmù márùn-ún tí a fi pamọ́ la fi fọ nǹkan tí a sì tún fi kún ilé náà, kò ku ẹ̀kán kan. Nígbà tí a parí, ẹja mẹ́ta ló kù, àti alángbá kan, ọmọ́ńlé méjèèjì, àti ìṣáwùrú. Gbogbo àkèré kékeré ti kú. Kọ̀ǹkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, akọ, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Ẹ jẹ́ kí n wí òtítọ́: mo sunkún nítorí kọ̀ǹkọ̀.

"Kí ni kí n ṣe oníwúrà yìí?" mo bi í. Mo ti mú àdá lọ́wọ́.

"Kí ló ṣe? Omi ibòmíràn ló mu, kò dá ara rẹ̀ mú wá. Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀."

Mo gbé e padà sí Ọ̀làwọ́, nínú ìkòkò kan, mo sì di ewùrà mẹ́fà sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí a kì í dá igbá padà lófìfo. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Olorì Mojẹ́bárí, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó pa ọwọ́ mọ́ra. "Ọdẹ, kí ló dé tí o kò wí? Iyanrìn lásán ì bá ti tó kí n fi sínú àpótí rẹ!" Gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń bọ̀ wálé ni mò ń wá èsì ìbéèrè rẹ̀.

Ọ̀dá náà gùn. Mo tẹ́ ẹní Ìbíyẹmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ibẹ̀ la sì ń jẹun. Ó mọ ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tó máa ń jowú. Bí oòrùn bá là, alángbá á gun ẹ̀ka, á máa mi orí sí wa, Ìbíyẹmí náà á mi orí sí i. Awọ tuntun hù lẹ́yìn kọ̀ǹkọ̀. Ó ń jẹun, ó sanra, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé kò dún rí. Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n. Níta, àwọn ará ìlú ti ń di ẹrù.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì rọ̀. Mo kó àwọn ọmọ Ìlàwẹ̀ sínú igbá, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún Ìbíyẹmí. "Ó dáa," ló wí, "mo gbà láti di ẹrù fún òní," ó sì gun ẹ̀yìn mi. Gbogbo ìlú ti wà létí odò, ẹrù wà lórí wọn, ọba wà láàrin wọn lábẹ́ òjò. Mo tú ẹja sínú kòtò tí òjò gbẹ́ lójú odò, mo jẹ́ kí alángbá àti ọmọ́ńlé gun àpáta, mo sì gbé kọ̀ǹkọ̀ sí àárín iyanrìn. Ó jókòó. A ń wò ó. Kò dún.

A wò ó títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Mo lóṣòó tì í pẹ̀lú obìnrin lẹ́yìn, mo tẹjú mọ́ ọn, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi. Ọba fi ọwọ́ kan èjìká mi. "Ọdẹ́rìndé, o gbìyànjú," ló wí, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti máa lọ.

Ìbíyẹmí ló fẹnu kàn mí létí. "Ọkọ mi, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i."

"Kí lo wí?"

"Ojú ọdẹ lẹ fi ń wò ó. Ta ló lè kọrin níwájú ẹni tó ń wò ó bí ọbẹ̀? Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, irin ni mo fi búra nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ ọdẹ pé mi ò ní kọ ẹ̀yìn sí ẹran tó wà láàyè. Ẹni tó bá ṣe é, ẹran ló ń pa á. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń pa ìlérí náà mọ́. Mo dìde, mo ké sí gbogbo wọn bó ṣe wí, mo sì yí padà. Ọba yí padà. Gbogbo Ìsàdó kọ ẹ̀yìn sí odò, òjò ń kán lára ẹrù wọn, kò sì sẹ́ni tó wúkọ́.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

Lẹ́yìn náà ló dún lẹ́yìn wa, "Kọ̀ọ̀ǹ," bí ẹni tó ń dán ohùn ara rẹ̀ wò. Ó dákẹ́. Ó tún dún, ó sì ki lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló mì mí láyà, kò sì dákẹ́ mọ́. Mo bi Ìbíyẹmí pé kí ló ń rí. Ó ní òun náà kọ ẹ̀yìn sí i, kí n pa ẹnu mi mọ́. Bí mo ṣe dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan tútù kan kàn mí ní gìgísẹ̀, ó sì yí ẹsẹ̀ mi méjèèjì po. Lẹ́ẹ̀kan náà ni nǹkan gbígbóná kan kán sí mi lọ́rùn. Ìbíyẹmí kò sunkún nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Mo rò pé kò mọ̀ ọ́n sun mọ́.

Àwọn ènìyàn ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ káàkiri, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bu omi lu ara wọn. Mo bi í pé ṣé kí a máa lọ sílé kí otútù má baà mú un. Ó ní kí n dúró síbẹ̀. Mo dúró. Omi dé orókún mi, mo ṣì dúró, kò sì ṣe mí bí ẹni tó gbé ẹnikẹ́ni.